Odi Tó Yadi

Ó ní kí n má pe òun ní bàbá.
"Hedley lorúkọ mi." Mo ní ẹnu mi ò lè gbé e,
ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún!
Bàbá Hedley la fi parí ìjà.

Láàárọ̀, bí mo bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un,
á nawọ́ sí ojú fèrèsé,
sí òkè rìbìtì kan lẹ́yìn Salisbury, bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé.
"Ogún ọdún ni mo fi gé koríko ibẹ̀.
Mi ò gé òdòdó etí yàrà rí. Ọ̀gá ò mọ̀."

Ó kú nínú oṣù karùn-ún.
Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo gun òkè ọ̀hún.

Afẹ́fẹ́ gba fìlà lórí mi.
Mo yọjú wo yàrà, orúnkún mi gbọ̀n:
àgùntàn mẹ́ta ń jẹ nísàlẹ̀, wọ́n kéré bí ẹyin.
Àwọn tó gbẹ́ ẹ ò mọ̀wé.
Ẹfun ni wọ́n fi agbọ̀n rù, ẹfun ni gbogbo òkè náà
lábẹ́ koríko, funfun báláú.
Wọ́n kó o jọ títí ó fi di odi,
wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sun màlúù jẹ,
wọ́n lọ.
Ta lọba wọn? Odi yadi.

Ó lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún, àwọn kan gẹṣin dé
pẹ̀lú èdè òdìkejì òkun.
Wọ́n wo yàrà, wọ́n rẹ́rìn-ín: ta ló bá wa ṣiṣẹ́ sílẹ̀?
Ẹni tó bá aṣọ tí wọ́n ti rán, ṣé yóò tún wá abẹ́rẹ́?
Wọ́n kọ́ ilé ọba sáàárín, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tì í.
Ibi tí ẹnìkan sá sí nítorí ogun
lẹlòmíràn wá ń sá aṣọ sí.

Àmọ́ sójà àti àlùfáà, kọ́kọ́rọ́ kan ò tó wọn.
Omi wọ́n. Ọ̀dọ̀ sójà ni kànga wà.
Afẹ́fẹ́ a sì gba orin lẹ́nu akọrin
kó tó dé etí ẹni tó dúró tì í.
Wọ́n bá tú ṣọ́ọ̀ṣì palẹ̀,
wọ́n ru òkúta rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò.
Mò ń wo ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ọ̀hún, tóun náà ti darúgbó:
orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, ó ń nà, ó ń nà,
bí ẹni tó fẹ́ ga padà dé ibi tó ti sọ̀.

Yàrà kan wà lẹ́yìnkùlé bàbá bàbá mi, ní Ìjẹ̀bú.
Èèpo gbágùúdá la máa ń dà sí i.
A ò béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ.
Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago látorí odi: yàrà yẹn ńkọ́?
"Èwo? Háà. Wọ́n ti dí i. Wọ́n kọ́lé sí i."
Yàrá mẹ́fà, ó ní.

Nísàlẹ̀, ọmọkùnrin kan tan ẹ̀rọ,
ó ń gé koríko bọ̀ lórí ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.
Ó dé etí yàrà,
ó yà fún àwọn òdòdó.