Àpótí Kẹta

Ní ìlú wa ní Áyówà, òórùn ẹlẹ́dẹ̀ máa ń jí ṣáájú oòrùn.
Bàbá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó bọ́ bàtà rọ́bà sẹ́nu ọ̀nà,
ó jókòó tì mí nídìí tábìlì, kò tan iná.
Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di ìkúùkù mọ́;
ọdún mọ́kàndínlógún pẹ̀lú ọ̀bẹ kan náà, ẹran kan náà,
ti sọ iṣan ibẹ̀ di okùn gbígbẹ.
"Kí ni wọ́n tún ń bi ọ́?"
Mo ní wọ́n ní kí n mú àpótí kan.

Àpótí kẹta ni tiwa. Éṣíà ni wọ́n kọ sára rẹ̀.
Ilé ẹjọ́ àgbà ti ní kí fásitì má fi ṣe òdiwọ̀n mọ́,
síbẹ̀ ó ṣì wà lójú fọ́ọ̀mù, ó la ẹnu sílẹ̀.
Mo yọjú wo inú rẹ̀. Ó fẹ̀ ju oko àgbàdo tó yí ilé wa ká.
Ṣáínà wà níbẹ̀, Íńdíà wà níbẹ̀, Kòríà náà ò gbẹ́yìn.
Tharini, ọmọ dókítà ọkàn tó ń gbé létí adágún,
tó ní olùkọ́ ìṣirò, tó ní olùkọ́ fayolíìnì,
tó ní ẹni tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí fásitì,
òun náà wà níbẹ̀, ó sún fún mi kí n rí ibi jókòó.
Èmi ò bá a jà. Mo ti bá a nílé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń sunkún
lọ́jọ́ tí wọ́n ní máàkì rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ti ẹ̀yà rẹ̀ ni.

Ìyá ìyá mi la odò Mẹ̀kọ́ọ̀ngì kọjá lóru, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.
Wọ́n ti fún ọmọ náà ní oògùn oorun kó má baà ké.
Ìyá mi ni ọmọ náà. Títí dòní, oorun rẹ̀ wúwo.

Ọ̀gbẹ́ni Brandvold, agbaninímọ̀ràn ilé-ìwé wa, èèyàn dáadáa ni,
ó máa ń fi bisikíìtì pamọ́ dè mí.
Ó ní, "Souphaphone, ní ti fásitì, ẹ kì í ṣe ara àwọn tó kéré níye.
Ẹ pọ̀ lọ́hùn-ún. Kí n sòótọ́, wọ́n ń kà yín sí ẹni tó ti pọ̀ jù.
Má kọ nípa odò yẹn. Wọ́n ti ka odò náà títí, ó ti sú wọn."

Àwa wo ló pọ̀?
Ní kíláàsì wa, bí mo bá ní kí n kà wá,
ení ni màá pè, màá sì pa ẹnu dé.
Lọ́dún tí àrùn ti gbogbo ayé mọ́lé,
tí obìnrin kan tutọ́ sẹ́sẹ̀ ìyá mi níwájú ilé epo,
tó ní ká kó àìsàn wa padà síbi tá a ti gbé e wá,
a ò pọ̀ nígbà náà.
Èmi, ìyá mi, àti àpò ìrẹsì kan.
Bí kíkéré bá jẹ́ ẹ̀wù,
ta ní ń bọ́ ọ lọ́rùn mi lẹ́nu géètì fásitì,
tó ń ká a mọ́ abíyá, tó ń dúró dè mí níta
kó lè tún fi wọ̀ mí bí mo bá ń lọ sílé?

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá sí èdè Láò,
mi ò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pe àpótí náà.
Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Níbi iṣẹ́ wa, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń kà.
Ẹgbẹ̀rún kan ní wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n pọ̀."
Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, ó ti sùn,
ọwọ́ tí kò lè dì yẹn là sílẹ̀ lórí tábìlì.
Ojú fọ́ọ̀mù ṣókùnkùn. Ọ̀rọ̀ kan yọ láàárín rẹ̀:
Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?
Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.