Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Ajé

Ọjọ́ Ajé ni mo gún wọn lábẹ́rẹ́,
abo màlúù mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ní abúlé kan lókè odò Gidabo.
Ìrì kò tíì gbẹ lórí ewé kọfí.
Oníkálukú fa tirẹ̀ lókùn wá,
màlúù kan fún ilé kan. Ti àwọn mìíràn ò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀:
Lalimo àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ni pupa kan,
wàrà òní tìrẹ, wàrà ọ̀la tèmi.

Èmi Dangiso, òṣìṣẹ́ ìjọba,
mo wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá dé èjìká,
mo ki ọwọ́ bọ inú òkùnkùn tó gbóná,
mo ń wá kókó kan lára ilé ẹyin.
Bí kókó yẹn bá wà, á máa sọ fún ara pé: dúró ná.
Oògùn inú abẹ́rẹ́, kò ju ẹ̀kún ṣíbí kan lọ,
ni yóò sọ fún un pé: ìwọ, ó tó, máa lọ ilé.
Bó bá di ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn á máa wá akọ lẹ́ẹ̀kan náà
bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ agogo.

Matewos arúgbó tutọ́ sílẹ̀.
Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé ọjọ́ a máa wọ inú ìgò?
Ìyá mi sin màlúù, ìyá rẹ̀ náà sìn ín,
èwo nínú wọn ló gba ìwé ìjọba kí ara rẹ̀ tó gbóná?"
Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni n bá sọ?
Iṣẹ́ mi ni pé kí n gún wọn
kí akọ má baà gùn wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ariwo!
Abo ń gun abo, okùn ń já, ajá sá wọlé.
Mo ṣí agolo, èéfín tútù yọ́ bọ́ sílẹ̀:
àtọ̀ akọ kan tó ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn
ní ìlú tí ẹnikẹ́ni níbí kò lè pe orúkọ rẹ̀.
Mo yọ́ ọ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo ka ení dé ogójì.
Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti ṣe mọ́kànlélógójì.

Bure, màlúù Amarech opó, kò mira.
Ó dúró lábẹ́ igi wẹ́sẹ̀,
ìbátan ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń jẹ ìdí rẹ̀ tí a kì í jẹ èso rẹ̀,
ó ń jẹ àpọ̀jẹ.
Amarech wò mí. Owó ẹyin oṣù méjì ló fi ra koríko.
Mo ní, "Bóyá lóṣù tó ń bọ̀,"
mo sì mọ̀ pé Bẹ́nsà ni ọkọ̀ wa ń lọ.

Òru Sátidé, wọ́n ní,
Bure ké, ó ké, ó já okùn.
Akọ Matewos, olójú kan, oníké ṣíṣọ̀,
fo ọgbà.
Agogo kankan ò dún.

Mo padà lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù.
Ọmọ mẹ́tàdínlógún, dúdú pẹ̀lú funfun, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn,
òtútù òkè ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì.
Ní àgbàlá Amarech, pupa kékeré kan
tí iké rẹ̀ kò tíì ju ìkúùkù ọmọdé lọ
ń fi orí kan ọmú ìyá rẹ̀.
"Kí lorúkọ ẹ̀?"
"Ìjọba," ló wí, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ó bu wàrà fún mi. Mo wá ibi tí màá kọ ọ́ sí,
n kò rí i.
Mo gbé ife lé orí ìwé náà;
ó fi òrùka funfun sílẹ̀
lórí ìlà kọkàndínlọ́gọ́ta.