Akàn Abẹ́ Ìgò

Ọyẹ́ ṣì wà lójú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo wọmi,
kámẹ́rà nínú ọ̀rá, gíláàsì lójú,
ọ̀pá ìmí há mi léyín.
Mo lé epìyà bí ẹni tó jẹ mí lówó.
Ogójì àwòrán:
ẹrẹ̀, ìrù, ẹrẹ̀,
àtàǹpàkò èmi fúnra mi.

Bàbá Ṣàbìtù ń tún àwọ̀n ṣe nínú ọkọ̀.
Kò rẹ́rìn-ín.
"Ẹsẹ̀ rẹ ló ń po omi.
Ẹni tó bá ń lé ẹja, ìrù ni yóò máa yà.
Kọ ẹ̀yìn sóòrùn. Sún mọ́ ọn. Dúró.
Jẹ́ kí omi gbàgbé rẹ."

Mo di òpó èbúté.
Omi tòrò díẹ̀díẹ̀,
bí ọmọ tó ti ibi ẹkún sùn lọ.
Ọ̀bọ̀kún kan kọjá, kò kí mi.
Lábẹ́ àfọ́kù ìgò ni akàn ti yọjú,
ó na ọwọ́ kan sókè bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù,
ó tẹjú mọ́ mi.
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Nílé, mo fi han Ìyá Ráfátù.
Ó gbé e súnmọ́ àtùpà, ó wò ó títí.
"Akàn tó tó báyìí,
ẹ wá fi í sílẹ̀ síbẹ̀?"