Awò Baba Ọdẹ́yalé

Agogo ọwọ́ ni mò ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ,
kì í ṣe ìbọn.
Ṣùgbọ́n Baba Ọdẹ́yalé ní ẹni tó bá lè de ìdè
tí kò ju ojú ìrẹ̀ lọ
kò ní ṣàì mọ bí awò ṣe ń jókòó lórí ìbọn.

Ó tú u jáde nínú fìlà àtijọ́ kan,
ọ̀pá dúdú, òun àti òrùka irin méjì.
Ó ti dán mẹ́ta wò lọ́wọ́ Kọ́láwọlé onírin ní Gégé.
Ọ̀kan tóbi, ó ń fa ẹnu ìbọn wálẹ̀.
Ọ̀kan ń sọ igi kan di méjì.
Èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ sún nǹkan mọ́ni,
àmọ́ tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ,
ó ń ha ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù
bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò.

Mo ní kó kọ́kọ́ yọ ọta,
kó wò ó, kó jẹ́ kí èmi náà wò ó.
Mo nu òróró kúrò lẹ́yìn irin.
Mo so òkúta mọ́ òwú, mo gbé e kọ́ ara ògiri,
kí àgbélébùú inú awò lè bá òwú náà dúró ṣánṣán.
Ìdè ọ̀tún díẹ̀, ìdè òsì díẹ̀,
bí ẹni ń bá orogún méjì sọ̀rọ̀.
“Ìka mẹ́rin,” mo ní, “láàárín ojú yín àti awò.”
Ó rẹ́rìn-ín. Àpá kan wà lókè ojú rẹ̀ ọ̀tún
bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.
Mo ti ń rò pé abẹ ni.

Ó ní kí n rẹ́ èso idẹ ẹnu ìbọn dànù,
pé ó ti di ẹrù.
Mo kọ̀.
Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í ju agogo tí à ń fọwọ́ yí nù
nítorí pé ẹnìkan ra oníbátìrì.
Mo gbé awò sókè díẹ̀,
kí ojú lè gba abẹ́ rẹ̀ dé ìdí èso náà.

Ní Sátidé, a lọ sí kòtò òkúta kan lọ́nà Ìdó.
Agolo kẹrosíìnì, mo fi èédú ya òdo sí i lára.
Ọta kìíní, òsì. Ìkejì, òsì náà ni.
Mo yí bọ́tìnnì kékeré, ó dún tọ́, tọ́, tọ́,
ohùn tí etí mi ti mọ̀.
Ìkẹrin wọ inú èédú.
“Ẹ má fi etí bùbá nù ún o.
Ìyẹ́ adìyẹ ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀ kí aṣọ tó kàn án.
Iyanrìn ọyẹ́ a máa kọlà sí awò.”

Oṣù kẹwàá, òjò ò dá.
Ó kan ilẹ̀kùn mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.
Ìkùukùu ti wọ inú awò, ó ní,
ó funfun bí ojú òun òsì.
Ó gba abẹ́ rẹ̀ wò. Èso idẹ wà níbẹ̀, ó ń dán.
Ó gbé e lé dúdú tó ń mì nínú ẹ̀gẹ́ ní Omi-Adíó.
Dúdú náà wúkọ́.

Ọmọ Sùbérù ni, tó ń ṣọ́ ẹ̀gẹ́ baba rẹ̀.

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mu omi ife méjì.
Ó wù mí kí n sọ pé èso idẹ ló gba ọmọ náà là.
Irọ́ ni. Ikọ́ ni.

“Tú u,” ó ní.
Ó gbé ìbọn lọ, ó fi awò sílẹ̀.
Wọ́n ní wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀ ní Òrítamẹ́fà,
pé ó ń ka orúkọ mọ́tò láti òkèèrè báyìí.
Kò tíì yà lọ́dọ̀ mi.

Ìdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú ìgò oògùn.
Ní Jímọ̀ mo máa ń nu awò náà, ìyẹ́ ṣáájú, aṣọ tẹ̀lé e,
mo sì ń gbé e lọ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Mi ò rí ẹranko nínú rẹ̀ rí.
Aṣọ tí ẹnìkan sá sí Òkè Àrẹ̀mọ ni mo rí lánàá,
ìró àti tòbí ọmọdé,
ó sún mọ́ mi débi pé mo nawọ́ láti ká a,
torí òjò ti ṣú.