Òǹtẹ̀ Àárọ̀ Ọyẹ́

Aago márùn-ún ààbọ̀ ní Ẹfọ̀n Aláayè,
ọyẹ́ ti gorí òkè kí n tó jí,
ó ti da kùrukùru bo ilé gbogbo
bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tó sùn.
Ètè mi ti ya. Gìgísẹ̀ mi là bí ògiri alámọ̀.
Kúbùsù ní kí n má lọ.
Ọdún mọ́kànlá ni kúbùsù yìí ti bá mi gbé,
ó mọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.

Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Àrìnọlá ti sọ tirẹ̀ lóṣù Ọ̀wàrà:
"Bàbá Fálúyì, ẹ̀jẹ̀ yín ń sáré jù yín lọ.
Ẹ dìde, ẹ lé e bá."
Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín náà kò bá mi délé.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó ní ilé-ìfìwéránṣẹ́,
tí mò ń fi òǹtẹ̀ lu lẹ́tà ẹlòmíràn:
lẹ́tà Kánò, lẹ́tà Kùmásí,
lẹ́tà ọmọ tó ní òun ń bọ̀ lọ́dún, tí kò wá.
Lẹ́tà ló rìn, èmi ò rìn.
Ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa, mo ju òǹtẹ̀ kan sápò.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wí fún ìjọba.

Òun ni mo wá fi ṣe ọ̀gá ara mi.
Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ògiri:
bí mo bá gun òkè dé ìdí ìrókò tí àrá pa,
tí mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi padà wálé,
pàà! òǹtẹ̀ kan lórí ọjọ́ náà.
Òǹtẹ̀ kan, ife tíì kan, ata ilẹ̀ nínú rẹ̀, ṣúgà kò sí.
Òǹtẹ̀ mẹ́fà, iyán ọjọ́ Àìkú,
iyán gidi tí kò ní kókó, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ.
Ogún òǹtẹ̀, mo gun ọ̀kadà, ó di Ìkọ̀gòsì:
kí n ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná ti ń pàdé tútù,
kí n má fọhùn sí ẹnikẹ́ni títí di ọ̀sán.

Àjàkáyé, aládùúgbò mi, rín in títí ó fi húkọ́:
"Àgbàlagbà ń fi iyán tan ara rẹ̀
bí ẹni ń fi àgbàdo tan adìyẹ wọlé!"
Mo ní, ṣé adìyẹ náà kì í wọlé ni?

Ọjọ́ kẹsàn-án, ọyẹ́ mú débi pé omi inú kòròbà ń buni jẹ.
Mo dìde, mo wo ìta, mo padà.
Mo mú òǹtẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, pàà,
bẹ́ẹ̀ mi ò tí ì wọ bàtà.
Lọ́jọ́ Àìkú, Mojírọ̀lá gbé iyán kalẹ̀,
ó funfun, ó ń rú eéfín.
Òkèlè àkọ́kọ́ há mi lọ́fun.
Kì í ṣe iyán ló há.
Mo bo abọ́, mo wọ kámúbáàsì,
mo gun òkè nínú oòrùn ọ̀sán,
àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ń bi mí ta ló kú.
Nígbà tí mo dé, iyán ti tutù, ó ti le.
Mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni yíǹkì òǹtẹ̀ gbẹ. Ọyẹ́ ló fà á mu.
Mo wá a dé ọjà, ọmọ tó ń tajà ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.
Mo gun òkè lọ́jọ́ Ajé, òfo ni kàlẹ́ńdà.
Mo gùn ún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Lọ́jọ́rú, ta ni mo bá nídìí ìrókò?
Àjàkáyé, ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ wé etí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Ó ní, "Ìkọ̀gòsì yẹn,
ṣé ọ̀kadà kan lè gbé ènìyàn méjì?"

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ wá òǹtẹ̀ tirẹ̀.