Ọ̀pá Bàbá Mi ní Rìgásà

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń gbé nílé wa ní Kàdúná,
ọ̀pá irin elétí méjì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀.
Oyèkànmí ará Ọ̀fà kì í fi í lé ewúrẹ́.
Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi wọn ojú irin
láti Jọ́ńṣàn títí dé ẹnu Kàfánṣán,
láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó ta sí irin lára,
nígbà tó ṣì tutù bí imú ajá.

Màpù ayé tí mo kọ́kọ́ mọ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.
Jàpáánù: mẹ́ta àbọ̀ bíi tiwa, Sùdáànì náà.
Íńdíà: márùn-ún àbọ̀, màlúù lè dùbúlẹ̀ sí i.
Rọ́ṣíà fẹ̀ débi pé, bí ọkọ̀ àjòjì bá dé ẹnubodè,
wọ́n á gbé e sókè tèrò tẹrù,
wọ́n á pààrọ̀ ẹsẹ̀ fún un
bí ẹni ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ti sùn.
Ṣábẹ̀ẹ́ ńkọ́, tí wọ́n ń kí ni ní "ẹ kú àárọ̀"?
Mítà kan gééré. Faransé ló wọ̀n ọ́n.
A gbọ́ra wa yé, ọkọ̀ wa ò gbọ́ra wọn yé.
Sáríà sì wà níbí, nítòsí,
níbi tí rélùwéè kékeré, ẹsẹ̀ méjì àbọ̀, ti ń ti Jọ́ọ̀sì bọ̀ nígbà kan:
aláàárù á fi orí ru àpò kùsà
láti inú ọkọ̀ kan sínú èkejì, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré.
Bàbá ò bá a. Mọ́lámù Barau tó kọ́ ọ níṣẹ́ bá a,
ọrùn rẹ̀ ò sì nà tán títí ó fi kú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá mo mú un lọ sí Rìgásà,
kó wá wo ojú irin tuntun tó lọ sí Àbújá.
Ó ti fi aṣọ wé ọ̀pá náà bí ọmọ jòjòló.
Sójà ní ṣé ìbọn ni.
Ó ní, "Sandar awo ce,"
Haúsá tó dán ju ti sójà lọ.
Awo! Òṣùwọ̀n ni lẹ́nu tiwọn.
Ẹ̀rín pa mí, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí pèpéle, orúnkún rẹ̀ dún.
Etí kan jókòó sórí irin òsì,
èkejì rọ̀ sórí òkúta, kò kan nǹkankan.
Ó ku ẹsẹ̀ kan àti ínṣì méjì àbọ̀.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí i, kò tó;
ó fi èkejì kún un.
"Ta ní ń wọ̀n ọ́n?"
Ìsítífánù, ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀, ní ẹ̀rọ ni,
ó ń sáré lórí rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.
Bàbá ní, "Kì í bẹ̀rẹ̀ wò ó?"
Kò rí ẹni dá a lóhùn; ọkọ̀ ti ń fọn.

Ọ̀pá ti padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Lálẹ́ ọjọ́ náà ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ pálọ̀:
ìwọ̀n tirẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó kù.
Mopélọ́lá ọmọ mi ń fò ó láti ìgbà náà,
ó ń kà á lédè Haúsá, ɗaya, biyu,
kò tíì tẹ ìlà.