Ikọ́ Aago Mẹ́rin

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ̀wé fún ọ́fíìsì ìlera ní Paysandú.
Èmi ni mo kọ "Sìgá ń pa ọ́ díẹ̀díẹ̀,"
èmi náà ni mo kọ "Ẹ̀dọ̀fóró rẹ kì í ṣe ihò èéfín."
A lẹ̀ wọ́n mọ́ ibùdó ọkọ̀, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ẹ̀bá odò Uruguay.
Òjò pa wọ́n, oòrùn sá wọn,
àwọn ọ̀dọ́ fi iná sìgá lu ihò sí wọn lójú.

Wọ́n ní ká tẹ àwòrán sára páálí sìgá.
A tẹ̀ ẹ́: ẹsẹ̀ tó kú, eyín tó jẹrà, ọmọ inú tí oṣù rẹ̀ kò pé.
Ẹ wá wo ohun tí ọmọ aráyé ń fi ẹ̀rù ṣe!
Ní ìsọ̀ Don Olegario, ẹ̀gbọ́n mi Ademar na owó sí i:
"Má fún mi ní ti ẹsẹ̀. Ti eyín ni kí o fún mi.
Eyín tèmi ti lọ tipẹ́."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́.
Lẹ́yìn náà ló rán àpò kékeré kan,
awọ màlúù tí òun fúnra rẹ̀ sá,
ó ki páálí bọ inú rẹ̀, ojú kò rí àwòrán mọ́.

Ṣùgbọ́n etí kò ní ìpéǹpéjú.

Zulma, ìyàwó rẹ̀, ló gbé e wá fún mi nínú fóònù:
ikọ́ aago mẹ́rin òru.
Kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.
Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì,
ó fà, ó fà, ó dúró níbi tó yẹ kí èémí wà,
o ka ení, o ka èjì, o ka ẹ̀ta,
kó tó já.

Mo fa gbogbo ìwé mi ya.
Mo gbé ikọ́ náà lọ sí rédíò, n kò fi ọ̀rọ̀ kún un
àfi ìbéèrè kan ní ìparí: "Ta ló ń jí yín báyìí?"

Wọ́n fi í sáàárín iye owó màlúù àti ìròyìn omi odò.
Kó tó di ọ̀sán, tẹlifóònù kò sinmi.
Obìnrin kan láti Guichón:
"Ta ló wọ yàrá mi wá gba ohùn ọkọ mi sílẹ̀?"
Òmíràn ní bàbá òun ni, ó ti kú láti ọdún mẹ́fà,
ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbé sáfẹ́fẹ́.
Ọkùnrin kan kò sọ nǹkan. Ó wúkọ́, ó sì gbé e kalẹ̀.

Nígbà tó di alẹ́, Ademar pè.
"Àbúrò, ta ni ọ̀gbẹ́ni yẹn?
Ẹ sọ fún ẹbí rẹ̀ kí wọ́n máa múra sílẹ̀ o."
Ẹnu mi wúwo.
Mo ń gbọ́ Zulma lẹ́yìn, ó ń da omi gbígbóná sórí ewé mate.
Ení. Èjì. Ẹ̀ta.
"Èmi ni?"

Kò jáwọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí n da oyin sí i.
Ogún di mọ́kànlá, mọ́kànlá di mẹ́rin,
ó tún padà di mẹ́sàn-án nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ pa ẹran rẹ̀.
Àpò awọ yẹn, kọ́kọ́rọ́ ilé ló wà nínú rẹ̀ báyìí,
ohun tó sọ fún mi nìyẹn.
N kò tú u wò.